Àtẹ́lẹsẹ̀ Keike

Ẹ̀jẹ̀ ló kọ́kọ́ rí. Ó wà nílẹ̀ ilé ìdáná, ó tò láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí sítóòfù. Ipasẹ̀ kan mọ́, ìkejì pupa. Ìkan mọ́, ìkan pupa. Keike Paulsen pe ológbò rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó yọjú síta, bóyá ẹnì kan ti wọlé tó sì ti jáde. Ìgbà tó padà wọlé ló rí i pé ipasẹ̀ náà ti pọ̀ sí i.

Ó jókòó, ó yí àtẹ́lẹsẹ̀ òsì sókè. Ìkarahun kan tó mú bí abẹ ti wọlé sí abẹ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀, ó fìdí kalẹ̀ síbẹ̀ bí ẹni tó ti san owó ilé. Ó ti gbé e rìn láti inú ẹrẹ̀ dé orí ògiri òkun, òkè koríko gígùn tí wọ́n mọ láti dí omi, láti ibẹ̀ dé ilé. Ogójì ìṣẹ́jú. Kò mọ̀.

Ó fà á yọ. Kò dùn ún. Ìyẹn ló bà á lẹ́rù.

Oṣù kẹrin ọdún ni. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin.

*

Lọ́dọ̀ wa, òkun a máa lọ, a sì máa padà, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Bó bá lọ, ẹrẹ̀ ló kù, títí dé Harksoog, erékùṣù kékeré tí wọ́n bí Keike sí. Ìrìn wákàtí méjì ààbọ̀. Ẹni tó mọ ọ̀nà yóò ti dé ibẹ̀ kí òkun tó rántí ilé. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, òkun á bá a lọ́nà.

Nahmen, bàbá rẹ̀, ló kọ́ ọ. Nígbà ìkún omi ọdún 1962, òkun wọ yàrá wọn, wọ́n sì sun ọjọ́ méjì lórí àjà pẹ̀lú àgùntàn mẹ́fà. Lẹ́yìn ìyẹn, bàbá ní ọmọ òun kò ní dàgbà láìmọ ọ̀nà àbájáde. Ọmọ ọdún méjìlá ni Keike nígbà náà. Bàbá bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó fi ìborùn ìyá rẹ̀ dì í lójú, ó sì tì í síwájú.

“Kí ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ?”

“Ẹrẹ̀ ni, Bàbá.”

“Ẹrẹ̀ wo? Màlúù náà mọ̀ pé ẹrẹ̀ ni.”

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kọ́ ọ, lọ́kọ̀ọ̀kan. Iyanrìn oníhà, tó rí bí ìhà ajá tó rù: bó bá dùbúlẹ̀ ní ìbú lábẹ́ ẹsẹ̀, Sönkelei kò jìnnà mọ́. Sönkelei ni odò tó la àárín ẹrẹ̀ já, òun nìkan ni kì í gbẹ. Ẹrẹ̀ tó ń yọ̀ bí ọṣẹ: rìn kíákíá, má dúró. Èyí tó ń mì bí ikùn màlúù: padà, má ṣe àlàyé fún ẹnikẹ́ni. Ìkarahun púpọ̀: o ti ṣìnà sí gúúsù. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́: oòrùn ló ti mú un gbóná lórí ẹrẹ̀, òkun ṣì wà níbi tó lọ. Omi tó tutù lójijì ní ọrùn ẹsẹ̀: òkun tuntun nìyẹn. Ó ti ń bọ̀.

“Bí kùrukùru bá dé,” Nahmen a máa wí, “ojú á sá lọ sílé, á fi ẹ́ sílẹ̀ síbẹ̀. Ẹsẹ̀ nìkan ló máa bá ẹ dúró.”

Ọdún méjìdínlógójì ni Keike fi mú àwọn ẹlòmíràn kọjá. Ó ní ìwé àṣẹ, ó ní rédíò, ó ní kọ́ńpáàsì. Àwọn tọkọtaya. Àwọn ọmọ iléèwé. Pásítọ̀ kan tó ń kọrin títí wọ́n fi dé. Òǹkà wọn ti bọ́ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnì kan kò nù mọ́ ọn lọ́wọ́ rí. Àwọn amọ̀nà tó kù ní etíkun wa ti ń wọ bàtà rọ́bà tipẹ́. Keike kì í wọ̀ ọ́. Ó ní ẹni tó wọ bàtà sínú ẹrẹ̀ dà bí ẹni tó di etí méjèèjì tó wá ní òun ń gbọ́ ìròyìn.

*

Dókítà fi nǹkan tín-ín-rín kan kan àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ níbi mẹ́wàá. “Ẹ sọ fún mi nígbà tẹ́ ẹ bá mọ̀ ọ́n lára.”

Keike wo ojú fèrèsé. “O ti bẹ̀rẹ̀?”

“Mo ti parí, Ìyá.”

Àtọ̀gbẹ ni, ó ti wà lára rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ti jẹ àwọn iṣan tó ń ròyìn fún ọpọlọ. Dókítà sọ̀rọ̀ oúnjẹ, ó sọ̀rọ̀ oògùn. Keike bèèrè bóyá ìmọ̀lára náà yóò padà. Dókítà ní kò dájú, ó ní kí Ìyá má ṣe fi ẹsẹ̀ lásán rìn mọ́, pàápàá nínú ẹrẹ̀.

“Mo ti gbọ́,” Keike wí.

Ó gbọ́ lóòótọ́. Kò sọ pé òun yóò ṣe é.

Láti ọjọ́ yẹn kò lè jókòó mọ́. Á gbé tíì kaná, á jáde kó tó hó. Ó da omi gbígbóná sínú bàsíà kan, ó da omi tútù sínú ìkejì, ó ki ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan bọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó di ojú. Omi ni. Omi méjèèjì, omi ni. Èsìsì kún ẹ̀yìn ilé rẹ̀ nídìí ọgbà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, obìnrin arúgbó yìí wọ àárín èsìsì, ó dúró, ó tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ wú. Ó pọ́n. Kò sì gbọ́ nǹkan kan.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bó bá sọ, ìwé àṣẹ lọ. Bí ìwé àṣẹ bá lọ, ta ló kù ní abúlé wa tó mọ ọ̀nà Harksoog? Ohun tó ń sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn. Èyí tí kò sọ ni pé kò mọ ohun tí òun máa jẹ́ lọ́jọ́ kejì.

Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù karùn-ún, ó tún mú àwọn mẹ́jọ kọjá. Ojú ọjọ́ mọ́, ó ríran dé erékùṣù. Ó ń wo ilẹ̀ bí ẹni tó sọ òrùka nù.

*

Merret dé ní ìparí oṣù karùn-ún, pẹ̀lú àpò kan àti kẹ̀kẹ́ kan. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni, ọmọ tí àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin bí. Ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ó jáde iléèwé, kò tíì mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Ó ní òun fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ẹrẹ̀. Òfin ni pé kó tẹ̀lé amọ̀nà tó ní ìwé àṣẹ ní ìgbà ọgbọ̀n kó tó lè ṣe ìdánwò.

“Bọ́ bàtà ẹ,” Keike wí.

“Ní báyìí? Mi ò tíì jẹun.”

“Ẹsẹ̀ kì í jẹun. Bọ́ ọ.”

Wọ́n sọ̀kalẹ̀ sórí ẹrẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn. Keike kò gbèrò ohun tó ṣẹlẹ̀. Màá jẹ́rìí ìyẹn fún un. Ó fẹ́ kọ́ ọmọ ni. Ó kọ́ ọ ní ìhà, ó kọ́ ọ ní ọṣẹ, ó kọ́ ọ ní ikùn màlúù. Ó jẹ́ kó fọwọ́ pa á, kó fẹsẹ̀ pa á, kó di ojú. Nígbà tí wọ́n rìn jìnnà díẹ̀, ó bi í léèrè gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ̀ ṣe ń bi òun:

“Kí ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ?”

“Oníhà. Ó dùbúlẹ̀ ní ìbú. Ó le.”

Ara Keike sì balẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù kẹrin, ó mọ ibi tí òun dúró.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tí wọ́n bá ti kó èèyàn lẹ́yìn, ìbéèrè kò ní dáwọ́ dúró. Omi yẹn ńkọ́? Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, Ìyá Àgbà. Ìsàlẹ̀ ńkọ́? Ó ń yọ̀. Púpọ̀ àbí díẹ̀? Díẹ̀. Keike á mi orí bí olùkọ́, “Ó dáa,” á sì yà sí ọ̀tún tàbí òsì bí ẹni pé ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn tó tẹ̀lé wọn á rẹ́rìn-ín sí ọmọ tí ìyá àgbà kò jẹ́ kó sinmi. Merret náà á fojú bẹ̀ wọ́n.

Ocke, apẹja tó kọ́lé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, rí wọn lórí ògiri òkun ní ọjọ́ kan.

“Keike, fi ọmọ yìí sílẹ̀ kó mí. Bàbá ẹ gan-an ò béèrè tó báyìí.”

“Bàbá mi ò ní ọmọ ọmọ tó máa ń wo fóònù.”

“Merret, ṣé ó máa ń bi ẹ́ lójú oorun náà?”

“Wọ́n máa ń bi mí nílé ìwẹ̀,” Merret wí. “Mo ní, Ìyá Àgbà, ọṣẹ ni. Ọṣẹ gidi.”

Ocke rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Keike náà rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín pẹ́ jù.

Oṣù kẹfà. Oṣù keje. Ìgbà mẹ́rìnlélógún ni wọ́n kọjá. Ní gbogbo àárọ̀ ló ń pinnu pé òun máa sọ fún ọmọ náà, á sì rí nǹkan mìíràn ṣe. Á lọ tún ọgbà ṣe. Á lọ ka àgùntàn tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ohun kan kò wá sí i lọ́kàn rárá. Ẹni tó bá rò pé ìdánwò ni wọ́n ń ṣe fún òun, ohun tí olùkọ́ fẹ́ gbọ́ ló máa ń wá.

*

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kẹjọ. Àwọn méjìlá ló tẹ̀lé wọn. Ìjì ti jà ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, Sönkelei sì ti yẹ̀ kúrò níbi tó wà. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe lẹ́yìn ìjì. Àwòrán ọ̀nà tó wà lórí fóònù Merret, ti oṣù keje ni.

Ọ̀gbẹ́ni Brandis, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, kọ̀ láti bọ́ bàtà rọ́bà rẹ̀. Ó ní òun ní ọ̀fìnkìn. Nígbà tí wọ́n ti rin wákàtí méjì, ẹrẹ̀ gbé e mì dé orókún.

“Ẹ má fà á lápá,” Keike wí fún àwọn tó sáré lọ bá a. “Ẹ̀yin Ọ̀gbẹ́ni, ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀. Bí ìgbà tẹ́ ẹ fẹ́ sùn.”

“Nínú ẹrẹ̀ yìí?”

“Ó mọ́ ju bẹ́ẹ̀dì mi lọ. Ẹ dùbúlẹ̀.”

Ó dùbúlẹ̀. Merret fi ọwọ́ gbẹ́ ẹrẹ̀ kúrò ní ìdí ẹsẹ̀ rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ó da omi sí i. Ẹsẹ̀ jáde, bàtà kò jáde.

“Bàtà mi ńkọ́?”

“Ó ti rí ẹlòmíràn fẹ́,” Keike wí.

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n ti lọ. Nígbà tí wọ́n fi máa tò padà, kùrukùru ti dé. Kì í kan ilẹ̀kùn. Erékùṣù wà níwájú, lẹ́yìn náà kò sí mọ́. Ògiri òkun wà lẹ́yìn, kò sí mọ́. Àwọn èèyàn mẹ́rìnlá nínú yàrá funfun kan tí kò ní ògiri.

Keike mú kọ́ńpáàsì jáde. Kọ́ńpáàsì mọ ibi tí Harksoog wà. Kò mọ ibi tí Sönkelei sùn lálẹ́ àná.

“Merret. Kí ló wà nísàlẹ̀?”

“Oníhà.”

“Ìbú àbí òòró?”

“Ìbú.”

“Omi yẹn?”

Ọmọ náà gbé ẹsẹ̀ kan, ó tún tẹ̀ ẹ́ wò. “Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.”

Ó dáa. Àyè wà nìyẹn. Keike ṣáájú wọn, ó ń yà díẹ̀ sí àríwá, ó ń wá ibi tí odò náà ti fẹ̀ tí kò sì jìn. Kò yára. Kí ni yóò yára sí? Omi lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Wọ́n rìn bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Keike fi ojú wálẹ̀, ó sì rí fọ́nrán koríko kan lórí omi tó bo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Koríko náà ń lọ. Ó ń ti ọ̀nà òkun bọ̀, ó ń kọjú sílé, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ní àkókò.

Ó dúró. Gbogbo wọn dúró.

“Merret, bá mi wo koríko yìí.”

Merret wò ó. Ojú rẹ̀ funfun bí kùrukùru.

“O ní omi lọ́ wọ́ọ́rọ́.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ṣé ó lọ́ wọ́ọ́rọ́?”

Merret ń wo koríko náà lọ.

“Mi ò bá ẹ jà. Ṣé ó lọ́ wọ́ọ́rọ́?”

“Ó tutù,” Merret wí. “Ó ti tutù láti ìgbà yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi lọ́jọ́sí pé ní àkókò báyìí ó yẹ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo rò pé ara mi ló ń tàn mí. Mo rò pé… ẹ̀yin ti mọ̀, Ìyá Àgbà. Ẹ kàn ń dán mi wò ni. Ẹsẹ̀ yín náà wà nínú omi.”

Omi ti dé ọrùn ẹsẹ̀. Keike rí i. Ojú ló fi rí i.

“Mi ò mọ̀,” ó wí.

“Ẹ ò mọ kí ni?”

“Ẹsẹ̀ mi ti kú. Láti oṣù kẹrin. Mi ò mọ tútù, mi ò mọ gbígbóná. Gbogbo ohun tí mo ń bi ẹ́, mi ò mọ ìdáhùn wọn. Ìwọ lò ń mú wa lọ.”

Merret wo ẹsẹ̀ náà, ẹsẹ̀ méjì lásán tí ẹrẹ̀ bò, bíi ti ẹnikẹ́ni. Ọ̀gbẹ́ni Brandis ti súnmọ́ wọn, ó ń fi ẹsẹ̀ kan tó wọ bàtà àti ẹsẹ̀ kan tí kò wọ̀ ọ́ tiro bọ̀.

“Kí lẹ ń sọ? Ṣé a ti ṣìnà ni?”

“Ẹ dákẹ́ ná, ẹ jọ̀ọ́ sà,” Merret wí. Kò gbójú sókè. “Mò ń gbọ́ ẹsẹ̀.”

Keike pe ọkọ̀ adóòlà lórí rédíò. Àádọ́ta ìṣẹ́jú, wọ́n ní, nítorí kùrukùru. Ó ṣe ìṣirò. Àádọ́ta ìṣẹ́jú, omi yóò ti kọjá orí Brandis. Ilé jìnnà ju wákàtí méjì lọ. Harksoog kò ju ogún ìṣẹ́jú, ṣùgbọ́n Sönkelei wà láàárín.

Ó tú okùn tó máa ń gbé dání, ó ní kí gbogbo wọn dì í mú. Ó fi ọmọ náà síwájú. Ó wá dúró lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, èjìká sí ẹ̀yìn.

“Sọ ohun tó o bá gbọ́. Má wá èyí tó dáa. Èyí tó bá wà ni kó o sọ.”

“Oníhà. Ìbú. Tútù.”

“Máa lọ.”

“Oníhà. Oníhà. Ó ti ń tẹ́jú.”

“Ó le?”

“Ó le. Ó ń sọ̀kalẹ̀.”

“Odò nìyẹn. Ya sí ọ̀tún. Ibi tó ń fẹ̀ máa ń wà lápá ọ̀tún lẹ́yìn ìjì. Bàbá mi…”

Merret gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó gbé e padà.

“Rárá.”

“Ọ̀tún ni, Merret.”

“Ó ń mì. Ọ̀tún ń mì, Ìyá Àgbà. Bí ikùn màlúù.”

Ọdún méjìdínlógójì. Àádọ́ta ọdún ó lé, tí a bá ka ti Nahmen mọ́ ọn. Ọ̀tún ni lẹ́yìn ìjì, ọ̀tún ló sì ti máa ń jẹ́. Omi ti dé orókún. Obìnrin kan lẹ́yìn ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà sínú, ètè rẹ̀ ń lọ. Keike fi àtẹ́lẹsẹ̀ tirẹ̀ tẹ ilẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ gidi, bí ìgbà tó dúró láàárín èsìsì. Kò gbọ́ nǹkan kan.

“Òsì ńkọ́?”

Merret na ẹsẹ̀ òsì. Ó pẹ́ lórí rẹ̀. “Ó le. Ìkarahun wà níbẹ̀.”

Ìkarahun. Ìkarahun túmọ̀ sí pé o ti ṣìnà. Ohun tó kọ́ ọmọ náà nìyẹn, ohun tí wọ́n kọ́ òun náà nìyẹn. Àmọ́ ìkarahun kì í rì. Ibi tó bá pọ̀ sí, ó ń di afárá.

“Ìwọ lo wà níbẹ̀,” Keike wí. “Èmi ò sí níbẹ̀. Máa mú wa lọ.”

Wọ́n ya sí òsì. Omi dé itan. Ó dé ìbàdí. Ó dé àyà ẹni tó kúrú jù nínú wọn, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tí Brandis fi apá rẹ̀ méjèèjì gbé sókè láìbéèrè. Ìkarahun gé wọn lẹ́sẹ̀, wọ́n ń pariwo, Merret sì ń wí pé, “Ó dáa. Tó bá ń gé yín, ó dáa.” Keike kò pariwo. Òun nìkan ni kò mọ̀ bóyá òun ṣì wà lórí afárá náà. Ó di aṣọ ẹ̀yìn ọmọ náà mú.

Lẹ́yìn náà omi padà sí ìbàdí. Itan. Orókún. Koríko Harksoog.

Ó kà wọ́n. Méjìlá. Ó tún kà wọ́n. Méjìlá.

*

Ilé tí wọ́n bí i sí ni wọ́n wọ̀. Ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ń gbé ibẹ̀ kó búláńkẹ́ẹ̀tì jáde, ó po tíì pẹ̀lú ọtí, ó wá nǹkan di ẹsẹ̀ fún gbogbo wọn. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ sókè, bí àwọn tí ikú yẹ̀ fún ṣe máa ń ṣe. Wọ́n ń yin Merret. Brandis ní òun yóò kọ̀wé sí ìwé ìròyìn.

Merret wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò wọlé.

“Láti oṣù karùn-ún lẹ ti ń lo ẹsẹ̀ mi,” ó wí fún ìyá àgbà rẹ̀.

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ẹ ò bi mí. Ẹ bi mí ní gbogbo nǹkan, ẹ ò bi mí ní ìyẹn.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Bó bá jẹ́ pé mo mọ̀, mi ò bá ti parọ́ omi.”

Keike yíjú wo àwọn tó wà nínú yàrá.

“Ẹ sọ fún wọn,” Merret wí. “Wọ́n ń yìn mí. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tó mu tíì tán.”

Ó wọlé, ó dúró láàárín yàrá, ó sọ ọ́. Kò fi iyọ̀ sí i, kò fi omi là á. Ẹsẹ̀, oṣù kẹrin, dókítà, ìbéèrè. Obìnrin tó ń gbàdúrà lójú omi gbé ife rẹ̀ kalẹ̀.

“Láti oṣù kẹrin? Mo mú ọmọ mi wá ní oṣù kẹfà. Ẹ̀yin lẹ mú wa kọjá. Ọmọ ọdún méje ni.”

“Mo rántí rẹ̀. Ó wọ fìlà pupa. Ẹsẹ̀ Merret ló mú un kọjá.”

“Ìyẹn ò wá dáa ju bẹ́ẹ̀ lọ, Ìyá.”

“Kò dáa ju bẹ́ẹ̀ lọ,” Keike wí.

Ọkọ̀ ojú omi ló kó wọn padà ní ìrọ̀lẹ́. Ní ọjọ́ kejì ó fi ìwé àṣẹ rẹ̀ sínú àpòòwé, ó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sínú ìwé kan tí kò gùn, ó sì rìn lọ síléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ kó tó lè yí ọkàn padà. Ó wọ bàtà.

*

Merret kò lọ. A rò pé yóò lọ; àpò rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà fún ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn náà ó bá amọ̀nà kan ní abúlé kejì ṣe àdéhùn, ọkùnrin tó ń wọ bàtà rọ́bà, kó lè parí ìgbà márùn-ún tó kù kí ìdánwò tó dé. Òun kò wọ̀ ọ́. Ó fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀lé e.

Ó ní òfin kan ṣoṣo fún ilé. “Ẹ má bi mí ní nǹkan kan mọ́. Bí mo bá fẹ́ sọ, màá sọ.”

“Mo gbà.”

“Kì í ṣe bí ẹ ṣe gbọ́ ti dókítà.”

“Mo gbà, Merret.”

Ní àwọn ọjọ́ tí Merret bá lọ, Keike á wà lórí ògiri òkun láàárín àwọn àgùntàn, á máa lọ, á máa bọ̀. A ti mọ ìrìn rẹ̀. Títí dé géètì, títí dé bẹ́ńṣì, kò ní jókòó lórí bẹ́ńṣì. Ocke ní kó wá bá òun tún àwọ̀n ṣe, ó bá a tún un ṣe fún ìṣẹ́jú mẹ́rin. Nígbà tí agogo bá sọ pé ọmọ náà yóò ti wà ní Sönkelei, á dúró gbọnin, àgùntàn á yà fún un. Á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn padà kí ọmọ náà tó yọ, kó má baà jọ pé ó ń ṣọ́ ọ.

Merret á wọlé pẹ̀lú ẹrẹ̀ dé orókún. Á wẹ̀, á jẹun. Kò ní sọ nǹkan kan. Ìgbà kìíní, ìgbà kejì, ìgbà kẹta. Ìbéèrè ń jó Keike lẹ́nu bí iṣu gbígbóná. Ó ń gbé e mì.

Lẹ́yìn ìgbà kẹrin, wọ́n jókòó sídìí tábìlì, wọ́n ń bó edé tí Ocke fún wọn. Edé kéékèèké, kò sí ẹni tó ń bó o tó ń yára jẹ ẹ́. Merret já orí ọ̀kan.

“Odò yẹn ti tún yẹ̀,” ó wí.

Keike ń bó edé.

“Ní òdìkejì ẹ̀, iyanrìn kan wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ ò sọ fún mi. Kì í ṣe oníhà. Kò yọ̀, kò mì. Ó ń dún. Kì í ṣe etí lèèyàn fi ń gbọ́ ọ, inú egungun ọrùn ẹsẹ̀ ni. Bí ìgbà tí ẹnì kan bá ń fa ẹní ní yàrá kejì.” Ó bó edé náà tán, kò jẹ ẹ́. “Bàtà rọ́bà yẹn ti tẹ̀ ẹ́ kọjá kò mọ̀. Mo dúró lórí ẹ̀. Mi ò tíì mọ̀ bóyá ó dáa àbí kò dáa.”

Nahmen kò sọ èyí rí. Nínú gbogbo ohun tí Nahmen mọ̀, kò sí i níbẹ̀. Ọwọ́ Keike dúró. Ìbéèrè mẹ́fà tò sí i lẹ́nu: ó jìnnà tó ibo sí odò, ó gbòòrò tó kí ni, omi tó wà lórí rẹ̀ ńkọ́, ìgbà tí òkun ń lọ ni àbí ìgbà tó ń bọ̀, ó dún sí ẹsẹ̀ méjèèjì, ó dáwọ́ dúró nígbà tó o dáwọ́ dúró?

Kò bèèrè ọ̀kankan. Ó mú edé mìíràn, ó bó o, ó gbé e sínú àwo ọmọ náà. Ó tún mú ọ̀kan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lu ilẹ̀ lábẹ́ tábìlì, kò sì mọ̀.